Bàbá Ó-Wọ́ àti Ihò Ara Pẹpẹ

Nínú gbogbo ohun tí Bàbá Ó-Wọ́ ṣe kó tó fi ayé sílẹ̀, ọjọ́ tó wó pẹpẹ Ìyá Onísúkúrù lulẹ̀ ni àdúgbò náà kò lè gbàgbé. Kì í ṣe pé inú bí i lọ́jọ́ náà. Kò mutí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Bíìtì kan ṣoṣo ló wá rà.

Bíìtì tí à ń wí yìí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn káfíńtà ń kì bọ ẹnu díríìlì láti fi yí súkúrù. Èyí tó kúrú wà, èyí tó gùn wà. Gígùn ni Bàbá Ó-Wọ́ ń lò, nítorí káfíńtà tí kì í fẹ́ kí ojú rí súkúrù lára iṣẹ́ òun ni. Yóò kọ́kọ́ lu ihò tó jìn ju gígùn ìka lọ, yóò wá ri súkúrù sí ìsàlẹ̀ ihò náà lọ́hùn-ún. Ó ní súkúrù tí ojú bá ti rí, ọwọ́ yóò fẹ́ tú u. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá mì lára kọ́bọ́ọ̀dù tó kàn, òun nìkan ló lè dé ibi tí súkúrù rẹ̀ wà.

Ìyá Onísúkúrù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀ tán láàárọ̀ ọjọ́ náà ni bàbá wọlé. Ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó wá ní kó kó gbogbo bíìtì gígùn tó bá ní wá sórí káńtà. Gbogbo rẹ̀ kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà kó wọn jáde, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Bàbá ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá dígí orí káńtà dọ́gba, ó sì ń yí wọn lórí dígí náà níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tọ́ á yí lọ jẹ́ẹ́. Èyí tó bá wọ́, bó ti wù kó kéré mọ, orí rẹ̀ á máa jó, á sì máa dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́. Bó bá ti dún báyìí, bàbá á gbé e sápá kan, á ní, "Ó wọ́." Ìgbà mẹ́tàdínlógójì ló sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, onígbàjámọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì bá a kà á. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí oòrùn kàn átárí, sùúrù Ìyá Onísúkúrù tán.

"Bàbá, ṣé súkúrù lẹ fẹ́ fi yí ni, àbí ẹ fẹ́ fi ọmọ yín fún un?"

"Ká ní ọkọ ọmọ mi ni," bàbá dá a lóhùn láìgbójú sókè, "ǹ bá ti gbà á láti àárọ̀."

Mẹ́fà ló yege. Ó wá kan ìdánwò kejì. Bàbá ní bíìtì tí a kò bá dán wò lára súkúrù tó ti pẹ́ nínú igi, a kò tíì dán an wò rárá, torí súkúrù tuntun kì í bá ẹnikẹ́ni ṣagídí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá pẹpẹ tó wà lẹ́yìn káńtà. Súkúrù idẹ mẹ́fà ni bàbá tó bí Ìyá Onísúkúrù lọ́mọ fi de pẹpẹ náà mọ́ pákó ìnàró nígbà tó ń to ìsọ̀ náà, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí obìnrin náà ti wà lọ́mọdé. Bàbá Ó-Wọ́ tọrọ àyè pé kóun dán bíìtì wò níbẹ̀. Ìyá Onísúkúrù ní kó máa dán an wò, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Bàbá fi bíìtì àkọ́kọ́ tú súkúrù àkọ́kọ́. Ó wá rò ó pé kò ní dára kóun tún fi bíìtì kejì dán súkúrù kan náà wò, torí èyí tí a ti tú kò lágídí mọ́, ìdánwò náà kò ní dọ́gba. Ló bá fi ìkejì tú ìkejì. Ó fi ìkẹta tú ìkẹta. Olóòótọ́ ènìyàn ni, kò fẹ́ ṣojúsàájú fún bíìtì kankan. Nígbà tó fi ìkẹfà tú ìkẹfà, pẹpẹ já, gbogbo agolo ìṣó àti súkúrù tó wà lórí rẹ̀ sì dà sílẹ̀ yàà, ńlá pẹ̀lú kékeré, dúdú pẹ̀lú funfun. Bàbá fò sẹ́yìn, ó di bíìtì kẹfà mú ṣinṣin. Ó yọ aṣọ ìnujú lápò, ó sì rọra wé e bí ẹni ń wé ẹyin.

"Èyí gan-an ló dára," ló wí.

Gbogbo ará òpópónà ló bá wọn ṣa súkúrù dìrọ̀lẹ́. Onígbàjámọ̀ ti ìsọ̀ tirẹ̀ pa, oníbàárà rẹ̀ kan tó ti gé irun ìdajì orí fún sì bá wọn ṣà pẹ̀lú ìdajì orí náà. Nígbà tí wọ́n ṣà á tán, súkúrù idẹ márùn-ún ni wọ́n rí. Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n gbé káńtà kúrò lójú kan, wọ́n tún un gbá. Kò sí ìkẹfà. Idẹ kì í sì í sá pamọ́ láàárín irin, pupa rẹ̀ á máa dán. Ìyá Onísúkúrù kọ ojú sí bàbá, ó ní kó dá súkúrù òun padà, pé ọwọ́ bàbá òun ló yí i síbẹ̀, òun ò sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àgbà bíi Bàbá Ó-Wọ́, wọ́n ń fi súkúrù kan pè é lólè lójú gbogbo ayé. Ó fi bíìtì inú aṣọ ìnujú há abíyá, ó gbọn àpò rẹ̀ méjèèjì síta, ó bọ́ bàtà, ó gbọn ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ló búra.

"Bí mo bá mú súkúrù yín lọ sílé," ló wí, "kí gbogbo bíìtì tí mo bá fẹ́ rà láti òní lọ máa wọ́."

Ìbúra ńlá ni. Wọ́n fi márùn-ún de pẹpẹ padà, ihò kẹfà sì wà ní òfìfo. Ìyá Onísúkúrù kọ̀ láti dí i. Ó fi í sílẹ̀ bí ẹ̀rí, bí oníbàárà bá sì ti jókòó pẹ́ díẹ̀, á mú un lọ síbẹ̀, á ki ọmọ-ìka kékeré bọ inú rẹ̀ dé oríkèé kìn-ín-ní, á ní, "Ihò tí Bàbá Ó-Wọ́ fi sílẹ̀ fún mi rèé."

Ènìyàn lè rò pé bàbá kò ní wá síbẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló dé láàárọ̀ kùtù, ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó ní kó kó bíìtì gígùn wá.

Ohun tó mú kí bíìtì di dandan fún un lákòókò ọ̀rọ̀ pẹpẹ yìí ni ibùsùn kan. Ìbàdí ń dun ìyàwó rẹ̀, ìyá náà sì ti sọ pé ibùsùn tó ń dún bí òun bá yíra ló ń jí òun. Bàbá ní òun yóò kan èyí tí kò ní dún láéláé. Inú yàrá gan-an ló ti kàn án, pẹ̀lú igi líle, ihò jíjìn méjì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, súkúrù kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ibùsùn náà kò dún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, ó sì fẹ̀ ju fèrèsé lọ. Ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè pé ọ̀nà wo ni yóò gbà jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó kúrò nílé náà. Ó ní ibùsùn kì í rìnrìn àjò.

Onígbàjámọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ó fẹ́ gbé dígí tuntun kọ́ ara ògiri, ó sì ra bíìtì tó gùn jù lọ nínú ìsọ̀ Ìyá Onísúkúrù, èyí tó gùn tó apá. Kò sí ìdí kan tó fi yan ìyẹn ju pé ó wù ú. Nígbà tó tẹ díríìlì, orí bíìtì ń jó lọ jó bọ̀, ó fa ilà sára ògiri, ó gún pákó níbi tí kò rán an. Bàbá Ó-Wọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Bíìtì yìí gùn ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ," ló wí. "Ló ṣe ń wá òmíràn ṣe."

Ó wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yàn án. Ó ní kó fi igi ìgbálẹ̀ kan wọn bí ihò ṣe jìn tó, kó fi ìbú ìka méjì lé e, kó má fi nǹkan mìíràn lé e mọ́, nítorí gígùn tí a kò nílò, wàhálà ni. Ó ní kó rí i pé ẹnu bíìtì wọ ojú súkúrù dáadáa, kó má ṣe mì nínú rẹ̀. Ó ní bí bíìtì bá ṣe gùn tó ni kó ṣe fi sùúrù bẹ̀rẹ̀ tó. Onígbàjámọ̀ ní òun ti gbọ́, ó sì tún fi èyí tó gùn tó apá náà yí súkúrù ìkẹyìn, torí ó ti rà á. Dígí náà tẹ̀ sápá òsì. Odidi oṣù mẹ́ta ni àwọn ọkùnrin àdúgbò fi ń gbé irun tó tẹ̀ sápá òsì kiri, bàbá á sì dúró lójú ọ̀nà, á máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. "Ó wọ́," á ní. "Ìyẹn náà wọ́."

Ọdún kẹta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ pẹpẹ ni ojú Ìyá Onísúkúrù ń dùn ún, dókítà sì ní kó wá kí wọ́n ṣiṣẹ́ sí i. Kò rí ẹni tí yóò jókòó sí ìsọ̀. Bàbá Ó-Wọ́ ní òun yóò bá a jókòó. Obìnrin náà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ka àwọn súkúrù idẹ márùn-ún tó kù lára pẹpẹ, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ó padà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú báńdéèjì lójú kan. Kó tó wọlé ni onígbàjámọ̀ ti wá sọ fún un pé bàbá ti ilẹ̀kùn fúngbà díẹ̀ ní ọ̀sán, pé òun gbọ́ díríìlì tó ń kùn nínú ilé. Ó fi ojú kan tó kù wo pẹpẹ, ó ka súkúrù idẹ. Márùn-ún pé. Ó wo ilẹ̀, kò sí ohun tó dà.

"Bàbá, díríìlì kí ni wọ́n ń gbọ́?"

"Bíìtì ni mo ń dán wò."

"Kí lẹ wá tà?"

"Mi ò ta nǹkan kan," bàbá wí tayọ̀tayọ̀. "Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ra ohun tí kò dára níbí lónìí."

Oníbàárà mẹ́sàn-án ló lé lọ. Ó ní kí ẹnì kan lọ wọn ihò rẹ̀ kó tó wá. Ó sọ fún ẹlòmíràn pé bíìtì tó mú lọ́wọ́ rọ̀ jù, pé ẹnu rẹ̀ yóò jẹ, yóò di roboto, kó tó yí súkúrù kẹwàá. Ẹnì kan wá ra ìṣó lásán, bàbá sì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi gbà pé súkúrù lòun nílò, lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé kò sí bíìtì tó tọ́ tí yóò fi yí i. Ìyá Onísúkúrù fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, dókítà sì ti ní kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín kí ojú má baà fà á. Ó di ojú náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ̀rora, ó sì ń bú bàbá.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ní ìwà tuntun kan. Bó bá fẹ́ kúrò nínú ìsọ̀, á na ọwọ́ kọjá káńtà, á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pẹpẹ, á ní, "Ó dúró." Ìyá Onísúkúrù á dá a lóhùn pé ó dúró pẹ̀lú ihò kan. Bàbá á wúkọ́, á sì jáde.

Láti ọjọ́ ìbúra náà, ọdún méjìlá ni wọ́n fi bá a lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni bàbá ń wá, tó ń yí bíìtì lórí dígí, tó ń ní ó wọ́, tó sì ń padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Kì í ná ọjà rárá. Bí obìnrin náà bá ní òun yóò dín owó rẹ̀ kù fún un, á ní owó rẹ̀ tọ́, irin rẹ̀ ló wọ́. Bíìtì kẹfà ọjọ́sí náà ló ń lò lọ, ẹnu rẹ̀ ń jẹ, ó ń yọ̀, kò sì ra òmíràn. Ìyá Onísúkúrù pààrọ̀ àwọn tó ń kó ọjà fún un lẹ́ẹ̀mẹta nítorí rẹ̀. Òkìkí ìsọ̀ náà kàn pé kò síbi tí bíìtì rẹ̀ tọ́ tó ibẹ̀, àwọn káfíńtà ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Bàbá nìkan ni kò rí ọ̀kan tó tọ́.

Ìgbà tó wá gbẹ̀yìn, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí káńtà pẹ̀lú ìnira, ó yí bíìtì kan, ó ní, "Ó wọ́."

"Ẹ̀yin lẹ wọ́, Bàbá," Ìyá Onísúkúrù wí. "Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Ó nu ojú, ó tẹ pẹpẹ wò, ó ní ó dúró, ó sì lọ. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tó fi dákẹ́ lójú oorun, lórí ibùsùn tí kì í dún. Ìyá Onísúkúrù sọ fún àwọn ènìyàn pé ìsọ̀ òun yóò ní ìsinmi báyìí. Irọ́ ló ń pa, torí ọjọ́ tí bàbá máa ń wá gan-an ló kó bíìtì gígùn jáde sórí káńtà láàárọ̀ kùtù, kó tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò yí wọn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ọmọbìnrin Bàbá Ó-Wọ́, tó ń ṣiṣẹ́ aránṣọ, wọ ìsọ̀ náà pẹ̀lú aṣọ ìnujú bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Onílé ti fún ẹlòmíràn ní yàrá náà, ẹni náà yóò sì kó dé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Gbogbo ẹrù ti jáde àfi ibùsùn. Ìyá náà sì ti sọ pé ìbàdí òun kò mọ ibùsùn mìíràn, pé bí ibùsùn náà kò bá jáde, òun náà kò jáde. Onílé ti rán ọkùnrin kan wá láti fi ayùn gé e sí wẹ́wẹ́. Bíìtì tó lè dé ìdí súkúrù rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí bàbá, ọmọ náà sì tú u jáde nínú aṣọ ìnujú. Ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán, ó rí roboto.

"Màmá, ẹ bá mi mú èyí tó dára," ló wí. "Ọkùnrin náà ní bí ojú súkúrù kan ṣoṣo bá jẹ, ayùn ló kù."

Ìyá Onísúkúrù wo ọmọ náà. Ó ti ń ta bíìtì láti ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì yan ọ̀kan rí. Títà ló mọ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an, ó sì jẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ó bi ọmọ náà bóyá ó wọn ihò náà. Ọmọ náà fa igi ìgbálẹ̀ kan yọ tó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, torí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ nìyẹn. Obìnrin náà fi ìbú ìka méjì lé e. Ó ya àwọn tó gùn jù sọ́tọ̀, ó ya àwọn tó kúrú sọ́tọ̀. Ó mú àwọn tí ẹnu wọn ní òòfà, tó lè fa súkúrù mọ́ra wá sókè láti ìsàlẹ̀ ihò. Ó ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ojú súkúrù wò, ó sì ju gbogbo èyí tó mì sápá kan. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí iwájú káńtà níbi tí oníbàárà ń dúró sí, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá dígí dọ́gba.

Kò tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ rí. Bó ti gbójú sókè díẹ̀, ihò ara pẹpẹ ló kọjú sí i gan-an. Ó wá yé e pé ohun tí bàbá ń wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ nìyẹn, fún ọdún méjìlá.

Ó yí èkínní. Ó dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́. "Ó wọ́," ẹnu rẹ̀ sọ kó tó mọ̀. Onígbàjámọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára yíjú padà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Èkejì yí lọ jẹ́ẹ́. Ẹ̀kẹta náà yí lọ jẹ́ẹ́. Nínú mẹ́wàá tó kù, mẹ́rin ló tọ́ ṣáṣá. Inú bí Ìyá Onísúkúrù. Kí ni bàbá ń wò tí kì í rí wọn?

Ó mú èyí tó tọ́ jù, ó ti ìsọ̀ pa, ó sì bá ọmọ náà lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n bá ọkùnrin oníayùn níbẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ayùn lé itan. Ìyàwó bàbá jókòó sórí ibùsùn, ó kọ̀ láti dìde, àfìgbà tí Ìyá Onísúkúrù bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà di díríìlì bàbá rẹ̀ mú. Ìyá Onísúkúrù fi aṣọ di àárín bíìtì mú kó má baà jó. Ó ní kí ọmọ náà fi àyà tì í, kó sì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, torí bí bíìtì bá ṣe gùn tó ni sùúrù ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Súkúrù àkọ́kọ́ ké, ó sì yí. Òòfà fà á sókè. Èkejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n fi tú méje, ọkùnrin oníayùn ti gbé ayùn kúrò lórí itan.

Ẹ̀kẹjọ kọ̀. Bíìtì yọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Onísúkúrù ní kí wọ́n dúró. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò náà, eruku jáde. Ó fi bíìtì wá ojú súkúrù títí ó fi wọlé, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọmọ náà, àwọn méjèèjì sì tì í pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Ó yí. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ohun tó há sẹ́nu bíìtì ń dán pupa.

Súkúrù idẹ ni. Ìyá Onísúkúrù mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ tó sọnù.

Ìyàwó bàbá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. Ó ní ọkọ òun tú aṣọ ìnujú láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó ra bíìtì ọjọ́sí, bó sì ṣe ń sọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ nípa obìnrin tó pe òun lólè, ó ń kì í bọ ihò, ó ń yí i. Ó ti yí i tán kó tó rí i pé òun kò tíì fi súkúrù kankan sẹ́nu bíìtì. Ti Ìyá Onísúkúrù ló ti há sẹ́nu bíìtì nígbà tí pẹpẹ já, bàbá fúnra rẹ̀ ló sì fi aṣọ wé e wálé.

"Ó jókòó sílẹ̀ níbí yìí," ìyá náà wí. "Ó ní, 'Mo ti búra.' Mo ní kó dìde, kó lọ sọ fún yín. Ó ní ojú ń ti òun, òun yóò tún un ṣe lọ́nà tòun. Láti ọjọ́ náà, kò rí bíìtì tó tọ́ mọ́. Ó ní ìbúra òun ló ń jà."

Ẹ̀rín mú Ìyá Onísúkúrù, ẹ̀rín náà sì mú ọmọ, ó mú ọkùnrin oníayùn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Òun náà ló bá wọn gbé ẹsẹ̀ ibùsùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde kọjá ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ibùsùn tí kì í rìnrìn àjò ṣe rìnrìn àjò, ìyá sì jáde tẹ̀ lé e.

Nígbà tí Ìyá Onísúkúrù padà dé ìsọ̀, ó lọ tààrà sídìí pẹpẹ. Ó fi súkúrù bàbá rẹ̀ sẹ́nu ihò. Ó wọlé díẹ̀, ó sì dúró. Ó fi ọwọ́ tì í, kò lọ. Nǹkan kan wà ní ìsàlẹ̀. Ó ki ọmọ-ìka kékeré bọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe, kò kan nǹkan kan, ìka rẹ̀ kò gùn tó. Ló bá mú bíìtì gígùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ó rọra kì í wọlé.

Ẹnu bíìtì wọ ojú súkúrù kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó bá a mu ṣáká, kò mì. Ó gbìyànjú láti yí i. Kò yí. Ó le koko nínú igi, ó jìn ju ibi tí ojú lè rí, bó ṣe máa ń wà nínú gbogbo ohun tí Bàbá Ó-Wọ́ bá kàn. Ó rántí ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí ojú rẹ̀, díríìlì tó kùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àti oníbàárà mẹ́sàn-án tí bàbá lé lọ kí wọ́n má baà ká a mọ́ ibẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun fi ń fi ihò tí kò ṣófo han gbogbo ayé. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá fi dúró níbẹ̀, tó ń gbọ́ ọ, tó sì ń wúkọ́.

Ọjọ́ kejì ló fi súkúrù idẹ náà ránṣẹ́ sí ìyàwó bàbá, pé kí wọ́n dá a padà sí ẹsẹ̀ ibùsùn nígbà tí wọ́n bá ń tò ó, torí ibẹ̀ ti di ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kó tó ti ìsọ̀ pa, ó fi ọwọ́ nu eruku kúrò lẹ́nu ihò náà. Àárò bàbá sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ síta pé àárò bàbá ń sọ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ pẹpẹ.

"Ó dúró, Bàbá," ló wí.